Ìdí tí abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn gágá fi jẹ́ ọdọọdún

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ fẹ́ mọ ìdí tí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú kan ṣoṣo fi ń tó ènìyàn di ọjọ́ alẹ́, nígbà tí ti àrùn gágá jẹ́ ọdọọdún. Purotéènì tí fáírọ́ọ̀sì gágá fi ń lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì wa, èyí tí wọ́n ń pè ní hemagglutinin, ló fà á. Ó rí bí olú: orí rẹ̀ ni ara wa sábà máa ń gbógun tì, orí náà gan-an ló sì ń yí padà ṣáá, débi pé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń pàdé láti yan irú fáírọ́ọ̀sì tí abẹ́rẹ́ tuntun yóò kojú. Igi rẹ̀, ìyẹn ọ̀pá tó gbé orí náà ró, kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, òun sì ni àwọn onímọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Mount Sinai ní New York dojú kọ, láti wá abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ ọdọọdún. Àyẹ̀wò wọn lára ènìyàn, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2020, fi hàn pé èròjà agbóguntàrùn tó ń kojú igi náà pọ̀ sí i. Ní ọdún 2022, àwọn ti Yunifásítì Pennsylvania kó ogún irú hemagglutinin pọ̀ sínú abẹ́rẹ́ mRNA kan (irú abẹ́rẹ́ tó ń fún sẹ́ẹ̀lì wa ní ìlànà láti ṣe purotéènì fáírọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀), ṣùgbọ́n ẹranko ni wọ́n fi dán an wò. Lójú tèmi, kí a má retí pé irú abẹ́rẹ́ tuntun bẹ́ẹ̀ yóò dènà àkóràn pátápátá. Dídín àìsàn líle àti ikú kù ni ìrètí tó bọ́gbọ́n mu.