Ṣé ẹni tó ní kí ogun dúró ti di ọ̀dàlẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Iyàn kan ló wà láàárín èmi àti àbúrò bàbá mi. Wọ́n ní tí ogun bá ti bẹ́, ẹni tó bá tako ìjọba ti dalẹ̀ ìlú, pé torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ti Wọlé Ṣóyínká mọ́lé, pé ẹ̀yìn Biafra ló wà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? (Òǹkàwé yín, Iléṣà)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, bá mi kí àbúrò bàbá rẹ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí ogun yẹn, tí Biafra torí ẹ̀ fẹ́ yapa kúrò lára Nàìjíríà, bẹ́ ní oṣù keje ọdún 1967. Ìbàdàn la wà, télọ̀ ni bàbá mi, ní Òkè-Àdó. Asọ̀rọ̀mágbèsì tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù kì í sinmi: kí Nàìjíríà wà lọ́kan, iṣẹ́ tí a gbọ́dọ̀ ṣe ni. Ọmọ Ìgbò kan tí òun àti bàbá mi jọ ń ránṣọ ti kó lọ sílé wọn láti ọdún 1966, ó fi àlùmágàjí rẹ̀ sílẹ̀ pé òun ń bọ̀. Bàbá mi kì í fi gé aṣọ. Ṣùgbọ́n tí oníbàárà bá bèèrè ta ló ni ín, wọ́n á ní, "Tèmi ni." Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, kí wọ́n má lọ fi wọ́n sùn.

Ṣóyínká kò dákẹ́ ní tirẹ̀. Yunifásítì Ìbàdàn ló wà. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé kí wọ́n dáwọ́ ogun dúró, ó lọ bá Ojukwu, olórí Biafra, ní Enugu, ó sì ń fẹ́ kí àwọn ará òkèèrè má ta ohun ìjà fún apá méjèèjì. Apá méjèèjì o! Ta ló wà lẹ́yìn Biafra tí yóò ní kí wọ́n má ta ìbọn fún Biafra?

Wọ́n lè sọ fún ọ pé lílọ sí Enugu lójú ogun kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Mo gbà. Ẹni tó bá sì tú àṣírí ọmọ ogun fún ọ̀tá, ẹjọ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ la ti ń bi ènìyàn léèrè, wọn kò sì gbé Ṣóyínká débẹ̀ rí. Ó lé lọ́dún méjì tó fi wà látìmọ́lé, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ jẹ́ ní Kàdúná, lóun nìkan nínú yàrá. Wọn kò fún un ní ohun ìkọ̀wé. Ó po tàdáwà fúnra rẹ̀, àárín ìlà ìwé tó bá rí ló ń kọ̀wé sí. Oṣù kẹwàá ọdún 1969 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀.

Bi àbúrò bàbá rẹ léèrè ọ̀rọ̀ kan fún mi: ṣé ọ̀dàlẹ̀ ni àwọn Àgbẹ́kọ̀yà náà? Inú ogun yẹn kan náà làwọn àgbẹ̀ wa ti kọ owó orí, tí wọ́n ń kọrin pé òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, làwọn ó san. Ìjọba yìnbọn fún wọn. Lọ́dún 1969, ìjọba náà ló padà dín owó orí kù.

Lẹ́yìn ogun, ẹni tó ni àlùmágàjí dé. Ìpẹtà ti mú un lẹ́nu. Bàbá mi fi lé e lọ́wọ́, wọ́n jẹ́wọ́ fún un pé àwọn ti ń sọ fáráyé pé tàwọn ni, wọ́n sì ń bẹ̀ ẹ́. Mo dúró síbẹ̀.