Ẹyẹ Ìgbà Ìwọ́wé ní Norfolk, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. King's Lynn là ń gbé. Àwọn ọmọ mi fẹ́ lọ wo ẹyẹ nígbà ìsinmi oṣù Kẹwàá. Ibo la máa lọ? – Ìyá Tọ́lá

ÌDÁHÙN: Ìyá Tọ́lá, ìbéèrè yín dùn mọ́ mi gan-an. Ẹ lọ sí Snettisham, abúlé kan létí òkun, kò jìnnà sí yín rárá. Láti oṣù Kẹsàn-án ni àwọn ẹyẹ ńlá tó jọ pẹ́pẹ́yẹ, tí wọ́n ń pè ní pink-footed goose, ti máa ń dé láti Iceland àti Greenland. Orí ẹrẹ̀ etí òkun ni wọ́n ń sùn. Bí ojú bá ti ń mọ́, wọ́n á gbéra lọ́wọ̀ọ́wọ́ lọ sí oko, wọ́n á máa ké bí èrò ọjà. Ẹ ti dé ibẹ̀ kí oòrùn tó yọ. Ẹ má sì yan àsìkò òṣùpá àrànmọ́jú, torí wọ́n lè ti lọ jẹun lóru.

Lọ́sàn-án, ẹ wá wọn lọ sí oko ṣúgà bíìtì (irúgbìn tí wọ́n ń fi gbòǹgbò rẹ̀ ṣe ṣúgà) tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè. Orí bíìtì àti ewé tó ṣẹ́kù ni wọ́n ń jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó sínú ọkọ̀ yín! Bí èèyàn bá lé wọn níbẹ̀, oko àlìkámà ni wọ́n lè lọ bà sí, àgbẹ̀ ló sì máa jìyà ẹ̀. Ó máa ń dùn mí dọ́kàn tí mo bá rí i.

Tí òkun bá kún gan-an, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ etí òkun tí wọ́n ń pè ní knot máa ń kó wá sí adágún tó wà lẹ́yìn etíkun. Torí náà, ẹ yẹ àkókò ìkún omi wò kẹ́ ẹ tó jáde, kẹ́ ẹ sì wọ aṣọ òtútù fáwọn ọmọ dáadáa.