Ẹ̀gbọ́n, ìwé wo ni kí n rà fún ẹ́sáàmù iṣẹ́ ìjọba?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ṣe ẹ́sáàmù iṣẹ́ ìjọba, mátíìsì àti Gẹ̀ẹ́sì ò bà mí lẹ́rù, apá ti ìjọba àti òṣèlú ló ń dà mí láàmú. Mo lọ sí Yaba, oníwèé kan kó páńfúlẹ́ẹ̀tì mẹ́ta síwájú mi, ó ní tí mi ò bá ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mi ò lè pàásì. Owó ọwọ́ mi ò sì tó. Èwo ni kí n mú níbẹ̀? Ọmọ Mushin.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má tíì fún un lówó. Ọjà lòun ń tà, kò ní bá ẹ wọ họ́ọ̀lù. Èmi náà ti ra irú ẹ̀ rí lábẹ́ bíríìjì Ojúẹlẹ́gbà, èèpo ẹ̀ ń dán, wọ́n kọ ọdún tuntun gàdàgbà sí i lára, mo délé mo ṣí i, wọ́n bi í pé ta ni gómìnà Èkó, wọ́n dáhùn pé Fáṣọlá, bẹ́ẹ̀ 2015 ni Fáṣọlá ti kúrò níbẹ̀, àṣé èèpo nìkan ni wọ́n pààrọ̀!

Torí náà tó o bá padà lọ, kó o tó ná an, ṣí ibi orin orílẹ̀-èdè wò. Tó bá ṣì jẹ́ "Arise, O Compatriots" ló wà níbẹ̀, ìwé yẹn ti gbó, May 2024 ni wọ́n ti dá "Nigeria, We Hail Thee" padà. Wo ọjọ́ orí ẹni tó lè du ipò ààrẹ náà, 40 ni tẹ́lẹ̀, ó ti di 35 láti 2018. Èyí tó bá kùnà ọ̀kan nínú méjèèjì yìí, sọ pé ẹ ṣeun, máa bá tìẹ lọ.

Èmi o, ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 gan-an ni mo máa ní kó o rà, àmọ́ èyí tí àtúnṣe 2023 wà nínú ẹ̀, torí ọdún yẹn ni wọ́n yọ ọ̀rọ̀ rélùwéè kúrò lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan, tí ìpínlẹ̀ náà fi lè ṣòfin lé e lórí. Ó wà fún ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n bébà dáa jù, wàá lè fi bíróò fa ìlà sí i. Má sọ pé o fẹ́ ka gbogbo ẹ̀ tán, abala 320 ni, oorun ló máa gbé ẹ lọ. Ka 4, 5 àti 6, ibẹ̀ ni wọ́n ti pín agbára fún aṣòfin, aláṣẹ àti adájọ́. Ka 14, lórí pípín ipò kárí ẹ̀yà àti ìpínlẹ̀, àti 153 tó dá kọ́míṣọ̀n tó ń gbani síṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀.

O ò sọ bóyá iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ti Àbújá ni àbí ti ìpínlẹ̀ Èkó ní Aláúsá. Tó bá jẹ́ Aláúsá, ka 197, lórí kọ́míṣọ̀n ti ìpínlẹ̀, kó o sì ṣọ́ra fún ìbéèrè kan tó máa ń mú ọmọ Èkó gan-an: ìjọba ìbílẹ̀ mélòó ló wà l'Ékòó? Wọ́n á kọ 20, 37 àti 57 síbẹ̀. Torí pé o ń gbé níbí, tó o sì ń rí bọ́ọ̀dù LCDA, ìyẹn àgbègbè ìdàgbàsókè ìbílẹ̀, káàkiri, wàá sáré mú 57. 20 ló wà nínú ìwé òfin, 37 yòókù, LCDA ni wọ́n, ìpínlẹ̀ fúnra ẹ̀ ló dá wọn sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ ti Àbújá, wá ìwé ìlànà iṣẹ́ ọba, èyí tí wọ́n ń pè ní Public Service Rules, ti 2021 ni kó o mú, kì í ṣe ti 2008.

Ti àwọn ìwé òfin ayé òyìnbó, Clifford 1922, Richards 1946, Macpherson 1951, Lyttelton 1954, má náwó lé wọn, ìwé Gọ́fúmẹ́ǹtì tó o lò ní sẹ́kọ́ńdírì ti tó, àwọn yẹn ò lè yí padà mọ́. Tó bá ti sọnù, National Library wà ní Yaba níbẹ̀ náà, wọlé lọ kà á.

Tọ́kàn ẹ ò bá ṣáà lè kúrò lára páńfúlẹ́ẹ̀tì yẹn, ra ẹyọ kan, fi bébà bo ìdáhùn ẹ̀, kó o máa wá ìdáhùn fúnra ẹ nínú ìwé òfin.