Kí ló dé tí mísáìlì ṣì ń ráyè kọjá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣebí Amẹ́ríkà ní Patriot tó ń já mísáìlì bọ́ lójú òfurufú, kí ló wá dé tó ṣì ń kọjá?

Ìdáhùn: Eré burúkú tí mísáìlì ń sá ni wàhálà ibẹ̀. Ẹ wo Dhahran ní Saudi Arabia, ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 1991, Patriot ibẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ju 100 wákàtí lọ láìsinmi, aago inú kọ̀ǹpútà ẹ̀ wá ń ṣìṣe díẹ̀díẹ̀ títí tó fi di sẹ́kọ́ńdì 0.34, ó kéré lójú àbí, àmọ́ láàárín ìyẹn mísáìlì Scud tí Iraq jù ti rìn ju ìdajì kìlómítà lọ, ibi tí rádà ń wò kọ́ ló wà, Patriot ò tiẹ̀ yìnbọn rárá. Sójà Amẹ́ríkà 28 ló kú sí bárékè. Ohun tó dùn mí jù ni pé ọjọ́ kejì gan-an ni sọfitíwia tí wọ́n tún ṣe tó dé Dhahran.