Kí ẹ tó ra software tó ń so áàpù pọ̀, ẹ kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa ní Iléṣà. Ẹ ní áàpù méje ni iléeṣẹ́ yín ń lò, pé kò sí èyí tó mọ ohun tí èkejì ń ṣe, àti pé àwọn ọ̀gá fẹ́ ra software ńlá kan tí yóò so gbogbo wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wá béèrè bóyá kí wọ́n rà á. Tèmi ni pé kí wọ́n má tíì rà á. Mo wà lára àwọn tó ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ńlá kan níbí ní Ilé-Ifẹ̀, tó ní ẹ̀ka ní Mọdákẹ́kẹ́ àti lọ́dọ̀ yín ní Iléṣà. Orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló gba agbára wa jù níbẹ̀. Ìsopọ̀ gan-an rọrùn ju ìyẹn lọ dáadáa.

Ẹ wo bó ṣe rí. Áàpù ìforúkọsílẹ̀ wà lọ́tọ̀, ti ẹ̀yáwó lọ́tọ̀, ti ìwé owó lọ́tọ̀, ti ọjà àwìn náà lọ́tọ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ kan á dé kàńtà pé òun fẹ́ yáwó. Níbi ìforúkọsílẹ̀, Ṣọlá ni wọ́n kọ. Níbi ẹ̀yáwó, Sola ni. Níbi ọjà àwìn, ohun tí akọ̀wé rí lójú kọ̀ǹpútà ni “??lá”. Database àtijọ́ kan ló fa ìyẹn: Latin-1, ètò àtijọ́ kan fún kíkọ lẹ́tà sínú kọ̀ǹpútà, ló ń lò, kò ní Ṣ, kò ní ọ, ṣùgbọ́n ó ní á, ló bá fi àmì ìbéèrè rọ́pò àwọn tí kò ní. Lẹ́tà tó bá ti di àmì ìbéèrè nínú database ti lọ nìyẹn. Fọ́ọ̀mù tí àwọn èèyàn fọwọ́ kọ nígbà tí wọ́n ń wọ ẹgbẹ́ la padà lọ ń tú nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Èyí tó tún fara sin ju ìyẹn lọ ni orúkọ tó jọra lójú tí kọ̀ǹpútà sì ní wọn ò jọra. Ẹ mú Bọ́lá. Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ní ọ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo, U+1ECD, ṣùgbọ́n kò ní ọ́ tó ti ní àmì ohùn lórí gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan. Áàpù kan á kọ ọ́ ní ọ, á wá fi àmì ohùn U+0301 lé e. Òmíràn á kọ́kọ́ kọ ó, á wá fi àmì ìsàlẹ̀ U+0323 sí i. Ẹni tó ń wo ojú kọ̀ǹpútà ò lè mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kí database wá Bọ́lá, ọ̀kan ló máa rí. Ẹ ní kí áàpù kọ̀ọ̀kan yí gbogbo orúkọ sí NFC, ọ̀nà ìkọ kan ṣoṣo tí Unicode là sílẹ̀, kó tó fi ránṣẹ́, ìyẹn á tún èyí tó pọ̀ jù ṣe. Kò ní tún gbogbo rẹ̀ ṣe o: àwọn kan wà tó máa ń fi igi kékeré, U+0329, sábẹ́ lẹ́tà dípò kíún (àmì ìsàlẹ̀ U+0323 yẹn), NFC kì í sì í ka ìyẹn sí ohun kan náà pẹ̀lú kíún. Ẹ ní láti fúnra yín pààrọ̀ rẹ̀. Inú mi kì í dùn nígbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ní kí a kúkú yọ gbogbo àmì kúrò. Orúkọ olórúkọ ni. Ẹ tọ́jú rẹ̀ bó ṣe yẹ kó rí, kí ẹ ṣe ẹ̀dà tí kò ní àmì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún wíwá nìkan.

Orúkọ nìkan ò sì tó láti fi dá èèyàn mọ̀. Fóònù ńkọ́? Ìyá àti ọmọ lè máa lo nọ́ńbà kan náà. NIN ńkọ́? Nọ́ńbà 11 ni NIN, nọ́ńbà 11 náà ni BVN, nítorí náà áàpù ò lè fi gígùn wọn mọ èyí tí akọ̀wé kọ sí àyè tí kì í ṣe tirẹ̀. A fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ẹgbẹ́, gbogbo áàpù sì ń lo nọ́ńbà yẹn. NIN wà níbi ìforúkọsílẹ̀ nìkan, kò jáde kúrò níbẹ̀. Òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 ti wà nílẹ̀. Kí ẹ má ṣe tú NIN èèyàn káàkiri áàpù méje.

Ìpàdé tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni èyí tí a fi pinnu ẹ̀ka tó ni nǹkan kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá ẹ̀yáwó ní ọ̀dọ̀ òun làwọn èèyàn ti máa ń yí nọ́ńbà fóònù padà, pé kò yẹ kí òun máa lé wọn lọ sí kàńtà mìíràn. Òótọ́ ló sọ. Ibi tí a fi sí ni pé akọ̀wé ẹ̀yáwó lè gba àyípadà náà lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n áàpù ìforúkọsílẹ̀ ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀, ibẹ̀ làwọn yòókù yóò sì ti gbà á. Olùtajà kankan ò lè bá yín ṣe irú ìpàdé yẹn.

Àwọn olùtajà á sọ fún yín pé bí áàpù méje bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà, ọ̀nà 21 lẹ máa là, pé tí gbogbo wọn bá gba àárín kan kọjá, ọ̀nà 7 ti tó. Ìṣirò náà pé. Ṣùgbọ́n “??lá” tó bá gba àárín kọjá, “??lá” náà ni yóò dé òdìkejì.

Ní ti owó, ẹ má jẹ́ kí áàpù kan máa pe èkejì tààrà. Iná lè wà ní Ifẹ̀ kó má sí ní Iléṣà. Tí ìwé owó ò bá dáhùn, akọ̀wé á tún tẹ̀ ẹ́, owó kan náà á sì wọlé lẹ́ẹ̀méjì. RabbitMQ, software tó ń gba iṣẹ́ pamọ́ títí ẹni tó ni ín yóò fi wá mú un, la fi sí àárín, ọ̀fẹ́ ni: áàpù á gbé iṣẹ́ tirẹ̀ síbẹ̀, èkejì á wá mú un nígbà tí iná bá dé. Òun náà lè fi iṣẹ́ kan jẹ́ lẹ́ẹ̀méjì bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lójú ọ̀nà, nítorí náà kí owó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, kí áàpù tó ń gbà á má sì tún gba èyí tó bá ti rí rí.

Fún àdírẹ́sì àti irú rẹ̀, fáìlì CSV (àkọsílẹ̀ tó ń fi kọ́mà pín nǹkan sọ́tọ̀) tó ń lọ lálẹ́ ti tó. Kí ẹnikẹ́ni má ṣáà fi Excel ṣí i kó tún tọ́jú rẹ̀ padà, torí nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0803 á di 803.

Ẹ fi ìsopọ̀ kan péré bẹ̀rẹ̀: ẹ̀yáwó àti ìwé owó. Láràárọ̀, kí akáúńtáǹtì fi àròpọ̀ ibi méjèèjì wéra. Tí náírà kan bá yàtọ̀, kí wọ́n wá a rí kí wọ́n tó ṣí ọ̀nà kejì. Tí ẹ bá ti fi la òpin oṣù kan já, nígbà tí owó ìdápadà ń wọlé wìtìwìtì, ẹ wá lè pe olùtajà. Ẹ kọ orúkọ áàpù méjèèje síbí àti ẹ̀ka tó ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n lè sọ èyí tí mo rò pé ó yẹ kó tẹ̀ lé e.