Báwo ni "battery" ṣe ti ojú ogun dé inú ẹ̀rọ?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, kí ló dé tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ iná fi ń mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo ènìyàn mọ̀, bíi "battery", "ground" àti "power", tí wọ́n sì ń gbé ìtumọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́? Èmi ò gbà pé ìtumọ̀ náà ṣàjèjì tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n rí nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ àtijọ́ tó jọ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe ni.

Ẹ wo "battery". Lójú ogun, ọ̀wọ́ ìbọn àgbá tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni. Ní 1749, Benjamin Franklin to ìgò Leyden, ìyẹn ìgò tí ń gba iná pamọ́, lọ́wọ̀ọ́, ó sì pè wọ́n ní "battery". Ibi ìbọn yìí kan náà ni "charge" ti wá. Yorùbá wa gbé e dáadáa: à ń ki ìbọn, a sì ń yìn ín. Bí a bá so bátìrì mọ́ iná, à ń ki í. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́, ó ń yìn. Níwọ̀n bí "battery" sì ti jẹ́ ọ̀wọ́, ẹyọ bátìrì volt 1.5 tó wà nínú rìmóòtù kì í ṣe "battery" lójú onímọ̀, "cell" ni. Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ volt 9, tó rí pẹlẹbẹ bí àpótí kékeré, ẹyọ mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, volt 1.5 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òun gan-an ni ọ̀wọ́.

"Ground" ti fìgbà kan jẹ́ ilẹ̀ lásán. Ní 1838, Steinheil, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Jámánì, fi hàn pé wáyà kan ṣoṣo tó fún tẹlígíráàfù, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń fi iná ránṣẹ́ lórí wáyà, kí iná gba inú ilẹ̀ padà. Lónìí, fóònù tó wà lọ́wọ́ yín ní "ground" tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ wáyà rẹ̀ kankan ò kan erùpẹ̀. Ibi tí a ti ń ka volt ni, bí a ṣe ń ti ilẹ̀ wọn gíga ilé.

Èyí tó ń ṣì wá lọ́nà jù ni "power". Agbára là ń pè é, agbára náà la sì ń pe "energy". "Energy" ni gbogbo iṣẹ́ tí iná ṣe. "Power" ni bí ó ṣe yára ṣe é sí, watt la sì fi ń wọ̀n ọ́n. Gílóòbù watt 10 tó tàn fún wákàtí 10, àti ti watt 100 tó tàn fún wákàtí 1, iná kan náà ni wọ́n jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi "agbára" sílẹ̀ fún ọ̀kan nínú méjèèjì.

"Bus" kò le. "Omnibus" ni nínú èdè Látìn, ìyẹn "fún gbogbo wọn": ọkọ̀ tí gbogbo èrò jọ ń wọ̀, wáyà tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà jọ ń lò.

"Bug" ni kòkòrò, òun náà ni wọ́n fi ń pe àléébù inú ẹ̀rọ. Ìtàn rẹ̀ tí wọ́n ń pín kiri ni kò pé. Wọ́n ní àfòpiná tí wọ́n bá nínú kọ̀ǹpútà Mark II ní Harvard, lọ́jọ́ 9 oṣù kẹsàn-án 1947, ló bí ọ̀rọ̀ náà. Òótọ́ ni pé wọ́n bá a níbẹ̀, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n Thomas Edison ti fi "bug" pe àléébù inú ẹ̀rọ nínú lẹ́tà kan ní 1878. Ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ àfòpiná yẹn gan-an ni pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọ́n rí "bug" gidi. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ò tíì sí lẹ́nu rẹ̀ kò ní kọ bẹ́ẹ̀.