Kí ló dé tí “ó wọ́n” fi ń sọ ohun méjì?

Ìbéèrè kan dé ọ̀dọ̀ mi láti Kubwa níbí ní Àbújá. Ẹni tó kọ ọ́ ní: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, Àbújá ni wọ́n bí mi sí, Hausa ni mo sì fi ń ná ọjà ju Yorùbá lọ. Tí màmá mi bá ní ‘ẹ̀wà wọ́n,’ n kì í mọ̀ bóyá ẹ̀wà kò sí lọ́jà ni, àbí owó rẹ̀ ló ga. Hausa ya méjèèjì sọ́tọ̀: tsada ni ti owó tó ga, ƙaranci ni ti ohun tí kò tó. Ṣé ọ̀rọ̀ ò tó nínú èdè wa ni? Bàbá mi sì máa ń dá màmá mi lóhùn pé kí ìjọba kàn fi òfin mú owó oúnjẹ wálẹ̀. Kí ni Yorùbá ń pe irú òfin bẹ́ẹ̀?”

Ọ̀rọ̀ tó. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kúrò nínú ọjà ná. Tí ẹ bá pàdé ọ̀rẹ́ yín kan tí ẹ ò rí fún oṣù mẹ́ta, ẹ ó sọ fún un pé “ojú ẹ wọ́n o.” Kò sí owó níbẹ̀ rárá. Ohun tí ẹ ń sọ ni pé a ò rí ojú rẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Ọ̀rọ̀ náà ló wà nínú “ṣọ̀wọ́n,” ìyẹn ṣe ọ̀wọ́n, tí a ń lò fún ohun tí a kì í sábà rí. Òun náà ló wà nínú “ọmọ mi ọ̀wọ́n” tí àwọn òbí fi ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà: ọmọ tí n kò ní irú rẹ̀ méjì. Àìpọ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí màmá yín wá wọ ọjà tó ní ẹ̀wà wọ́n, ohun tó ń sọ ni pé ẹ̀wà tó wà nílẹ̀ kò ká àwọn tó fẹ́ jẹ ẹ́. Owó gọbọi tí wọ́n pè lé múdù kan, àìtó yẹn ló gbé e sókè. Nítorí náà, ẹ ò ní láti yan ọ̀kan nínú ìtumọ̀ méjèèjì. Màmá yín ń sọ méjèèjì pọ̀ ni, ó sì ń sọ èyí tó bí èkejì.

Ohun tó jẹ́ kó dá mi lójú pé èyí kì í ṣe èèṣì ni pé òdìkejì ọ̀rọ̀ náà rí bákan náà. “Ọ̀pọ̀” ni ohun tó pọ̀, òun náà sì ni ohun tí owó rẹ̀ kéré. “Mo rà á lọ́pọ̀,” àwọn ìyá wa á sọ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá ti ọjà dé pẹ̀lú ìdùnnú. Ní Àbújá níbí, n kì í sábà gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ mọ́. “Pọ́ọ́kú” ni wọ́n ń sọ, tàbí kí wọ́n kúkú fi “araha” ti Hausa dípò. Ó ń dùn mí, nítorí pé pọ́ọ́kú kò sọ ju pé owó náà kéré. Ọ̀pọ̀ ń sọ ìdí tó fi kéré.

Ẹ rántí ìparí oṣù Èrèlé 2021. Lẹ́yìn rògbòdìyàn tó ṣẹlẹ̀ láàárín Yorùbá àti Hausa ní ọjà Ṣáṣà ní Ìbàdàn, àwọn ẹgbẹ́ tó ń kó oúnjẹ àti màlúù láti Àríwá ní àwọn kò ní kó ohunkóhun lọ sí Gúúsù mọ́. Wọ́n dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà ní Jẹ́bà, ìlú etí odò Ọya tí ọkọ̀ Àríwá ń gbà kọjá sí Gúúsù. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn ẹbí wa ní Ìbàdàn àti Èkó ń pè wá pé tòmátì, àlùbọ́sà àti ẹran ti di ọ̀wọ́n. Lápá òkè níbí, tòmátì àti àlùbọ́sà ń bàjẹ́ sórí ilẹ̀, wọ́n sì ń tà á lọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó gbìn ín fi ń sunkún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ẹrẹ́nà tí wọ́n ṣí ọ̀nà padà, gbogbo rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Oko kan náà ló so tòmátì yẹn, kò sì sí òfin tuntun tó jáde lọ́sẹ̀ yẹn. Ìhà ibi tí èèyàn dúró sí ní Jẹ́bà ló sọ bóyá ọ̀wọ́n ni yóò pè é tàbí ọ̀pọ̀.

Bàbá yín wá ní kí ìjọba fi òfin mú un. N kò ní fi ọ̀rọ̀ bàbá yín ṣeré, nítorí pé ebi ló ń mú èèyàn sọ bẹ́ẹ̀, ìjọba oríṣiríṣi sì ti gbìyànjú rẹ̀ nílẹ̀ yìí. Nígbà ogun Hitler, ní 1941, àwọn Òyìnbó fi ọ̀gá ológun kan tó ń jẹ́ Pullen ṣe alábòójútó oúnjẹ ní Èkó. Ó díyelé gàrí àti àwọn oúnjẹ mìíràn, ó sì ya ibì kan sọ́tọ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ ti máa tà á ní iye yẹn. Àwọn ìyálọ́jà Èkó, tí Àlímọ̀tù Pẹlẹ́wùrà ṣáájú wọn, kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní iye náà kò ká owó tí àwọn fi ra ọjà àti èyí tí àwọn fi gbé e. Gàrí sá kúrò lójú ọjà ìjọba, ó gba ẹ̀yìn ilé.

Lẹ́yìn òmìnira, ìjọba ológun ṣe òfin ìdíyelé ní 1970, wọ́n sì ṣe òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní 1977. Iyọ̀, ṣúgà, mílíìkì, ìyẹ̀fun, ìṣáná, epo ọkọ̀, títí kan kẹ̀kẹ́, alùpùpù àti ohun èlò wọn, wà lára ohun tí òfin yẹn dárúkọ. “Kọ̀ǹtírọ́ọ̀lù” ni àwọn èèyàn ń pe iye tí ìjọba bá fi lé ọjà.

Mo mọ ọ̀rọ̀ náà láti kékeré. Ìyá mi ń ta mílíìkì, ṣúgà àti ọṣẹ ní Kàdúná. Ní 1984, àwọn ọmọ ogun dé ìsọ̀ rẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní kó ta gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ní kọ̀ǹtírọ́ọ̀lù. Èèyàn tò láti ẹnu ọ̀nà wa dé orí títì. Inú àwọn aládùúgbò dùn, inú èmi náà tí mo jẹ́ ọmọdé dùn, nítorí pé n kò rí kí ìsọ̀ wa kún bẹ́ẹ̀ rí. Kó tó di ọ̀sán, pẹpẹ ti ṣófo. Owó tó wọlé kò tó èyí tí ìyá mi fi ra ọjà náà, kò sì rí òmíràn rà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Àwọn tó tò lọ́jọ́ yẹn tún padà wá bi í léèrè mílíìkì, kò sì sí. Ó wà lóru, lẹ́yìnkùlé àwọn tó tètè kó tiwọn pamọ́, ní ìlọ́po iye ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ni mo rántí tí ìyá mi sọ: “Ọ̀pọ̀ tí kò ju ọjọ́ kan ṣoṣo lọ ni wọ́n rà.” N kò lóye rẹ̀ nígbà náà.

Ti epo ọkọ̀ ló pẹ́ jù lọ. Láti 1975 ni ìjọba ti dá àpò kan sílẹ̀ kí iye epo lè jẹ́ ọ̀kan náà láti Èkó títí dé Màídúgùrì. Àwa tí a ń gbé lókè yìí mọ bó ṣe máa ń rí nígbà náà: iye tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ kò yí padà, ṣùgbọ́n ìlà ọkọ̀ a gùn jáde dé ojú títì, àwọn ọmọkùnrin á sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú jẹ́rìkàánù, wọ́n á ta á fún ẹni tí kò lè dúró. Apá kan ń gba ọ̀nà fàyàwọ́ lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè tó múlé tì wá, níbi tí epo ti wọ́n. (Ẹ ò rí ọ̀rọ̀ “fàyàwọ́” bí? Ẹni tó ń fi àyà wọ́ nílẹ̀ kí aṣọ́bodè má baà rí i.) Ìjọba ló ń san ìyókù owó epo yẹn títí di 29 oṣù Èbìbí 2023, tí wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ ti parí. Kí oṣù náà tó parí, lítà kan di ₦537 ní ilé epo NNPC ní Àbújá, ó di ₦617 ní oṣù Agẹmọ, nígbà tó sì fi di oṣù Ọ̀wàrà 2024, ó ti di ₦1,030. Ìyà tó jẹ èèyàn láàárín ìgbà yẹn, pàápàá àwọn tó ń ti Nyanya àti Mararaba wọkọ̀ wá síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, kò ṣé é fẹnu sọ tán.

Ṣùgbọ́n èdè wa kò sọ pé gbogbo owó tó ga ló ti ọ̀dọ̀ àìtó wá, ibí yìí sì ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa. Ẹ tún gbọ́ ohun tí màmá yín ń sọ. Nígbà mìíràn, kò ní sọ pé “ó wọ́n.” Ó lè ní “wọ́n ti fowó kún un.” “Wọ́n” ti àkọ́kọ́ kò ní olùṣe, ohun náà fúnra rẹ̀ ló wọ́n. “Wọ́n” ti èkejì jẹ́ èèyàn. Ẹnì kan wà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé owó náà sókè, a sì lè béèrè orúkọ rẹ̀. Àkọtọ́ àti ohùn méjèèjì dọ́gba, nítorí náà etí àwọn tí kò fi Yorùbá dàgbà lè gbà á sí ọ̀kan, ṣùgbọ́n ìyá ọlọ́jà kan kì í fi ọ̀kan pe èkejì.

Ẹni tó ra àgbàdo gbogbo abúlé nígbà ìkórè, tó tì í mọ́ àká títí ebi fi dé, ó fowó kún un. Ẹgbẹ́ tó sọ pé ẹni tó kó tòmátì ti oko wá kò gbọ́dọ̀ tà á fúnra rẹ̀, tàbí pé kò gbọ́dọ̀ ta á ní iye tó dín sí tiwọn, ó fowó kún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó tẹ ìdí múdù wọnú kó má baà gba ìrẹsì tó. Kò fi kọ́bọ̀ kan lé iye tó ń pè, ṣùgbọ́n ó ti mú nínú oúnjẹ yín. Irú àwọn wọ̀nyí ni àwọn ìyálọ́jà àti olórí ẹgbẹ́ máa ń pè jókòó ní ọjà ilẹ̀ Yorùbá, ní Ẹ̀gbá sì rèé, àwọn olóyè Pàràkòyí ló máa ń gbọ́ ẹjọ́ òwò láyé àtijọ́. Mo gbà pé ibẹ̀ ni òfin ti níṣẹ́ ṣe. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 fún Ààrẹ lágbára láti díyelé ọjà, ṣùgbọ́n ní oṣù Èrèlé 2024, Ààrẹ Tinubu sọ fún àwọn gómìnà pé òun kò ní dá ìgbìmọ̀ ìdíyelé sílẹ̀. Ní oṣù Ògún ọdún náà, àjọ FCCPC, tí ìjọba dá sílẹ̀ láti dáàbò bo oníbàárà, pe àwọn ọlọ́jà jọ ní Àbújá, ó fún wọn ní oṣù kan kí wọ́n fi dín owó ọjà kù. Lójú tèmi, ìbá sàn kí wọ́n fi oṣù náà wá àwọn tó ń dí ọ̀nà ọjà. Tí ẹ bá sọ fún obìnrin tó ń ta ata lórí àtẹ pé kó dín owó kù, tí owó ọkọ̀ tó gbé ata náà wá kò sì dín, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá mi ni ẹ fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí i.

Ní 2025, tí owó àgbàdo àti ìrẹsì wálẹ̀, inú èmi tí mò ń rà dùn. Àwọn àgbẹ̀ lápá òkè níbí sì ké pé àwọn ti pàdánù, pé owó ajílẹ̀ tí àwọn fi gbìn ín kò padà wá, àwọn kan sì ní àwọn kò ní gbìn tó bẹ́ẹ̀ mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Mo máa ń rò ó, nítorí pé ọ̀wọ́n míì lè ti ibẹ̀ jáde.

Ní ti orúkọ tí ẹ béèrè: “díyelé” ni iṣẹ́ ẹni tó sọ iye ọjà, “ìdíyelé” sì ni ọ̀rọ̀ tí mo máa ń lò. Ẹ lè kọ “ìdíyelé ìjọba” tí ẹ bá ń kọ ìwé. Tí ẹ bá ń bá àwọn àgbàlagbà sọ̀rọ̀, “kọ̀ǹtírọ́ọ̀lù” ni yóò yé wọn kíákíá. Àwọn tó ti tò sórí ìlà ní 1984 kò ní béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ yín.